Èéfín búlúù lẹ́yìn tí a pààrọ̀ camshaft Silverado mi. Ẹ jọ̀ọ́, irú fáàfù síìlì wo ni kí n rà?

Bàbá Ìbejì (Houston)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi ka ọ̀rọ̀ yìí parí kí ẹ tó fèsì, torí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti sú mi pátápátá.

Silverado 2004 ni mo ní, ọkọ̀ akẹ́rù Chevrolet, oní-ẹ́ńjìnnì lítà 5.3. Òun ni mo fi ń jẹun. Iṣẹ́ àga àti kánópì yíyá ni mò ń ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń so tirélà mọ́ ọn nídìí, láti Alief lọ sí Katy, nígbà míì kí n dé Pearland. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òde Yorùbá ní Houston mọ̀ pé bí àga bá pẹ́ dé, olóde kò ní gbọ́ àlàyé kankan lẹ́nu yín, owó yín á sì di nǹkan tí wọ́n ń bá yín fà.

Ọkọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́ bí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ dáadáa sọ pé ká pààrọ̀ camshaft, ìyẹn ọ̀pá tó ń mú kí fáàfù ẹ́ńjìnnì ṣí, pé agbára á yọ. Owó kékeré kọ́ ni mo ná. A ṣe é ní gàráàjì mi, ó sì kọ́kọ́ dára, ó ń fa ẹrù, ohùn rẹ̀ gan-an yí padà. Ìgbà tó yá ni èéfín bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ta á láàárọ̀, èéfín búlúù á bo gbogbo iwájú ilé. Aládùúgbò mi ti fi ẹjọ́ mi sun àwọn tó ń ṣàkóso àdúgbò wa, wọ́n sì ti kọ lẹ́tà sí mi. Àbúrò ìyàwó mi, tí kò lè pààrọ̀ táyà fúnra rẹ̀, ló ń sọ fún gbogbo ẹbí pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Bí mo bá dúró pẹ́ níbi iná tráfíìkì, pàápàá nínú ooru Houston tí èèyàn kò lè pa A/C, tí mo wá tẹ iná, èéfín á tún yọ fùú. Mo ń fi ọ́ìlì kún un ṣáá. Ó tún ń dún tàk-tàk-tàk lókè ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rẹ́ mi tó ṣe é kì í tètè gbé ìpè mọ́ báyìí.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: fáàfù síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì lára ọ̀pá fáàfù, irú èwo ló dára jù? Ẹ má sọ fún mi pé kí n ta ọkọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Katy)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ ohun tí a máa fi ràn yín lọ́wọ́. Camshaft wo ni? Èló ni lift rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń ti fáàfù wọlẹ̀ tó? Sípíríǹgì wo ni ẹ fi sí i? Ṣé ẹ pààrọ̀ fáàfù síìlì nígbà tí ẹ ṣí i?

Camshaft tó bá 5.3 yín wá láti ilé iṣẹ́, lift rẹ̀ jẹ́ 0.457 íǹṣì lápá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, 0.466 lápá tí èéfín ń gbà jáde. Sípíríǹgì tó bá a wá kò ní agbára púpọ̀, nǹkan bí 76 pọ́n-ùn ló fi ń di fáàfù mú nígbà tó bá wà ní pípa. Bí lift bá ti dé 0.500, kò yẹ kí èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́, pàápàá èyí tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún. Ìwé pélébé kan máa ń wà nínú páálí camshaft tuntun. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí.

Mẹkáníìkì Mushin

Ọ̀gá mi, ẹ má da ara yín láàmú, ríìngì ara pístọ̀nù ló ti lọ. Mo ti rí èyí rí. Oníbàárà kan gbé Corolla 2001 wá fún mi, ó ń jẹ ọ́ìlì, ó ní kí n ṣe fáàfù síìlì. Mo ṣe fáàfù síìlì, mo gba owó mi, kò ju ìgbà díẹ̀ lọ ó tún padà wá, ọ́ìlì ṣì ń lọ. Ìjà wa lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré, ó ní mo ti jẹ owó òun. Ìgbà tí a tú pístọ̀nù jáde, ríìngì ọ́ìlì ti gan mọ́ ojú ihò rẹ̀, kò lè mira. Láti ìgbà yẹn, bí ọkọ̀ bá ti ń tu èéfín búlúù, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ni mo máa ń sọ fún oníbàárà. Ẹ wá ẹ́ńjìnnì míì, kí ọkàn yín balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Àbúrò, òótọ́ ni ohun tí ojú yín rí, ṣùgbọ́n àìsàn Corolla yẹn ni. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ tó wà nínú rẹ̀, àwọn ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára pístọ̀nù rẹ̀ kéré jù, ìdọ̀tí á dí wọn, ríìngì á sì gan. Toyota fúnra wọn yí pístọ̀nù náà padà nígbà tó yá. Kò yẹ kí a gbé àìsàn ọkọ̀ kan lé òmíràn lórí.

Ẹ wo ohun tí Bàbá Ìbejì sọ. Èéfín ń yọ láàárọ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ ta á. Ó tún ń yọ bó bá dúró pẹ́ tó wá tẹ iná. Ti fáàfù síìlì nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, afẹ́fẹ́ inú ìgbàwọlé ń fà gidi, ó ń fa ọ́ìlì gba ara ọ̀pá fáàfù sọ̀ kalẹ̀ sínú sílíńdà. Bí ẹ bá wá tẹ iná, ọ́ìlì tó ti kó jọ náà á jó lẹ́ẹ̀kan náà. Lóru, ọ́ìlì tó kù lókè á máa kán sí orí pístọ̀nù. Bó bá jẹ́ ríìngì ni, ìgbà tó bá ń fa tirélà gun òkè ni èéfín á pọ̀ jù, kò sì ní dúró de iná tráfíìkì.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀rí, ẹ wọn kọ̀ḿpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ gba ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá fò sókè gan-an, ríìngì ni. Bí kò bá yí padà, ẹ fi ríìngì sílẹ̀.

Ìyá Dọ́tun (Dallas)

Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ọkọ̀ tó ń gbé owó wálé ni ẹ ń fi ṣe irú nǹkan báyìí? Ọkọ mi náà ṣe é sí Tacoma wa, oṣù mélòó kan ni a fi ń yá ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹ sì rántí pé ọ́ìlì tó ń jó yẹn ń ba catalytic, ohun tó ń sẹ́ èéfín ọkọ̀, jẹ́, owó òun nìkan tó owó orí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ti fagi lé ìyẹ̀wò ààbò ọkọ̀ ní Texas láti 2025 lóòótọ́, ṣùgbọ́n Harris County ṣì ń yẹ èéfín wò. Ọkọ̀ 2004 kò tíì bọ́ nínú ẹ̀. Ẹ máa rò ó.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ìyá Dọ́tun, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹrù mi ni mo rò kí n tó ṣe é. Ọkọ̀ tí kò lè fa tirélà kò wúlò fún mi.

Ọmọ Ẹ̀gbá, sípíríǹgì kọ́ ni ìṣòro mi o. Sípíríǹgì tuntun ni, onílọ́po méjì, ọ̀kan nínú ọ̀kan. Irú èyí tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ń lò ni, ó lè gba lift dé 0.650. Owó gidi ni mo fi rà á. Nítorí náà a lè yọ sípíríǹgì kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé camshaft wà nínú gàráàjì, n ó wá a.

Fáàfù síìlì tó wà níbẹ̀ kò tíì le rárá, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ṣì ń rọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi tún un lò. Ẹ ṣáà sọ èyí tí mo lè rà fún mi.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Katy)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, lórí ẹ́ńjìnnì yìí, sípíríǹgì àti síìlì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ rántí fáàfù síìlì tí ẹ bá níbẹ̀. Ó ní àwo irin pẹlẹbẹ nídìí, ó fẹ̀ yí ká. Àwo yẹn gan-an ni sípíríǹgì jókòó lé. Síìlì àti ìjókòó sípíríǹgì, wọ́n ti so wọ́n pọ̀ ni.

Sípíríǹgì onílọ́po méjì kò bá a mu. Ti inú yẹn fún mọ́ ọrùn síìlì jù, á máa ha á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kó ìjókòó irin kéékèèké mẹ́rìndínlógún àti síìlì tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rìndínlógún mọ́ ọn nínú páálí. Ṣé ẹ rí wọn nínú páálí tí ẹ rà?

Sàlàkọ́ (Peckham)

Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ má fi sípíríǹgì onílọ́po méjì bú ẹni tó rà á o. Mo ti ń bá ọkọ̀ ṣiṣẹ́ níbí ọjọ́ pẹ́. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́, èkejì á ṣì di fáàfù mú. Beehive, sípíríǹgì ẹlẹ́yọ kan tó rí bí ilé oyin, tí gbogbo èèyàn ń yìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó bá ṣẹ́, fáàfù já bọ́ sórí pístọ̀nù nìyẹn, ẹ́ńjìnnì parí. Èmi kì í lo beehive.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Sàlàkọ́, ẹ̀yin ń sọ ti ẹ́ńjìnnì tó ń yí dé ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ tó ń fa àga kiri, níbo ló fẹ́ yí dé? Sípíríǹgì tó bá le ju bí camshaft ṣe fẹ́ lọ, ó ń jẹ lifter (èyí tí camshaft ń tì sókè), ó ń jẹ camshaft, ó ń tẹ pushrod (ọ̀pá tí lifter ń tì) tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Onílọ́po méjì tó ń gba 0.650 yẹn, nǹkan bí 150 pọ́n-ùn ló fi ń tẹ̀ nígbà tí fáàfù bá wà ní pípa, ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Kí la fẹ́ fi ṣe lára ọkọ̀ ẹrù?

Sàlàkọ́ (Peckham)

Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Èyí tí wọ́n rà tuntun, tí wọ́n wọn gíga rẹ̀ kí wọ́n tó dì í, kì í ṣàdédé ṣẹ́. Èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nígbà tí fáàfù bá ṣí tán ló ń ṣẹ́. Ó yẹ kí àlàfo bíi 0.060 íǹṣì ṣẹ́ kù láàárín àwọn ìká rẹ̀ kó tó di odidi irin. Bákan náà ni láàárín ìdí retainer, ìyẹn ìdérí tó wà lórí sípíríǹgì, àti orí síìlì. Bí retainer bá ń kan síìlì, yóò fọ́ ọ tàbí kó tì í kúrò nípò.

Mẹkáníìkì Mushin

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, báwo ni wọ́n ṣe pààrọ̀ sípíríǹgì láìtú hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì? Èmi, okùn ọ̀rá ni mo máa ń lò. N ó kì í gba ihò púlọ́ọ̀gì, n ó wá yí ẹ́ńjìnnì títí pístọ̀nù á fi gbé okùn náà mọ́ fáàfù. Kò ní já bọ́.

Sàlàkọ́ (Peckham)

Kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ ni ká lò. Ẹ gbé pístọ̀nù náà sókè pátápátá, ẹ fún un ní atẹ́gùn. Okùn lè fi nǹkan sílẹ̀ sínú sílíńdà.

Mẹkáníìkì Mushin

NEPA ńkọ́, ọ̀gá mi? Bí kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ bá kú lójijì, fáàfù ń kọ́? Okùn kì í mọ NEPA.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Katy)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìbejì dáhùn. Ìjókòó irin. Síìlì tuntun. Ṣé wọ́n wà nínú páálí?

Bàbá Ìbejì (Houston)

Kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ la lò. A ṣe é bó ṣe yẹ, a fi mágínẹ́ẹ̀tì mú àwọn keeper, irin kéékèèké tó ń so retainer mọ́ ọ̀pá fáàfù, ẹyọ kan kò sọnù.

Nípa páálí, ọwọ́ ẹnì kan tí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ni mo ti ra sípíríǹgì náà. Kò tíì lò ó rí. Sípíríǹgì àti retainer ló wà níbẹ̀, kò sí nǹkan míì. Ọ̀rẹ́ mi rí i pé sípíríǹgì ti inú kò gba orí síìlì wọlé dáadáa, ló bá fi gíráíńdà gé àwo ìdí síìlì náà kúrò. Mo dúró tì í. Ó ṣe é mọ́ tónítóní, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó sì wọlé láìsí wàhálà. Kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku.

Mo ti rí ìwé camshaft: lift 0.525 lápá méjèèjì.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Katy)

Ẹ̀gbọ́n, ó gé àwo ìdí síìlì kúrò. Kí ni sípíríǹgì wá jókòó lé báyìí?

Bàbá Ìbejì (Houston)

Orí hẹ́ẹ̀dì ni. Irin ṣáà ni.

Mẹkáníìkì Mushin

Ó lè gbé e. Chevrolet yẹn irin ni, ó wúwo bí òkúta.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Rárá o! Búlọ́ọ̀kù 5.3 yẹn ni irin. Hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ alumíníọ̀mù ni. Sípíríǹgì onílọ́po méjì, irin líle, ó jókòó lórí alumíníọ̀mù láìsí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń yí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ń gbẹ́ hẹ́ẹ̀dì náà ni. Àwo tí ọ̀rẹ́ yín gé kúrò yẹn ni ilé iṣẹ́ fi dáàbò bo hẹ́ẹ̀dì.

Sàlàkọ́ (Peckham)

Mo fara mọ́ Ẹ̀gbọ́n. Onílọ́po méjì ni mo fẹ́ràn, ṣùgbọ́n n kò fi ọ̀kan sórí alumíníọ̀mù lásán rí. Àti pé gíráíńdà tó fi gé e, ooru rẹ̀ nìkan ti tó láti ba rọ́bà síìlì jẹ́. Ó lè máa rọ̀ lóde, kí ètè tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń nu ara ọ̀pá fáàfù ti jó.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Katy)

Bàbá Ìbejì, láti ìgbà tí ẹ ti ṣe é, ṣé ẹ ti pààrọ̀ ọ́ìlì? Báwo ni ọ́ìlì tó jáde ṣe rí?

Bàbá Ìbejì (Houston)

Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó kàn ń dán díẹ̀ bí oòrùn bá bà á, bí àwọ̀ fàdákà. Ọ̀rẹ́ mi ní camshaft tuntun ló ń bá lifter mọra, pé gbogbo ẹ́ńjìnnì tuntun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Mo ní òde ńlá kan ní Sugar Land ní Sátidé yìí, àga pọ̀. Bí ẹ bá lè sọ síìlì tí mo lè rà fún mi lónìí, n ó pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà.

Ìyá Dọ́tun (Dallas)

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ kẹ̀! Ẹ ti ń fọ ẹ́ńjìnnì yín lulẹ̀, ẹ ń bèèrè síìlì!

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Ìyá Dọ́tun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù bá a sọ ọ́.

Bàbá Ìbejì, ẹ fetí sí mi. Ṣé ọ́ìlì àtijọ́ yẹn ṣì wà nínú ike? Ẹ ti mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi mú keeper bọ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ lifter àti camshaft ló ń jẹ ara wọn, eruku náà á lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, torí irin ni wọ́n. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá jáde ní òfìfo, tí ọ́ìlì náà sì ṣì ń dán, alumíníọ̀mù ni. Ẹ tún gé fílítà ọ́ìlì náà sí méjì, ẹ na ìwé inú rẹ̀ jáde, kí ẹ wò ó nínú oòrùn.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Mo ti ṣe é. Mágínẹ́ẹ̀tì kò mú nǹkan kan. Eruku fàdákà ló kún inú ìwé fílítà náà.

Mo ṣí ìbòrí fáàfù lápá awakọ̀, mo sì yọ púlọ́ọ̀gì. Ti 3 àti ti 5 rin fún ọ́ìlì, ti 1 gbẹ, ti 7 dà bí ẹni pé ó fẹ́ rin. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín sípíríǹgì sílíńdà 5. Síìlì náà ti kúrò ní ìdí, ó ti bá ọ̀pá fáàfù gòkè. Mo yọ sípíríǹgì kan: àmì róńdó wà lára hẹ́ẹ̀dì, ó jinlẹ̀ débi tí èékánná mi fi wọ inú rẹ̀.

Mo ṣì ń sọ fún yín pé ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì ń wà á.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Katy)

Ẹ̀gbọ́n, a kò bú ọ̀rẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ tún ta mọ́, kódà láti gbé e wọ gàráàjì. Ẹ fi ọwọ́ tì í.

Ohun tó ń dún tàk-tàk náà lè jẹ́ ara ìṣòro kan náà yìí. Ẹ má tíì ra pushrod.

Bí èékánná bá wọ inú ọgbẹ́ náà, a ti kọjá ọ̀rọ̀ síìlì nìkan. Hẹ́ẹ̀dì ní láti jáde, kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ojú ìjókòó sípíríǹgì kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn kan máa ń fi díríìlì ṣe é nígbà tí hẹ́ẹ̀dì wà lórí ẹ́ńjìnnì. N kò gbà yín níyànjú, eruku alumíníọ̀mù tó wà nísàlẹ̀ ti tó.

Bí hẹ́ẹ̀dì bá jáde, bọ́ọ̀tì rẹ̀ kò gbọdọ̀ padà wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lò ó, ó ń nà bí a bá ti dì í. Kí ẹ sì ṣọ́ra bí ẹ bá ń rà á: àwọn ẹ́ńjìnnì tó ṣáájú 2004, bọ́ọ̀tì hẹ́ẹ̀dì wọn gùn, òmíràn kúrú. Láti 2004, gígùn kan náà ni gbogbo wọn. Ọkọ̀ yín wà ní ọdún tí wọ́n yí i padà gan-an, nítorí náà ẹ tú wọn síta, ẹ tò wọ́n sílẹ̀, kí ẹ wò wọ́n kí ẹ tó ra òmíràn.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Sípíríǹgì onílọ́po méjì yìí ńkọ́? Bí mo bá ra ìjókòó irin àti síìlì tẹ́ẹ́rẹ́, ṣé n kò lè tún un lò? Owó mi ni.

Sàlàkọ́ (Peckham)

Ẹ lè lò ó.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Ẹ lè lò ó, kò sì pọn dandan. 0.525 ni lift yín! Sípíríǹgì LS6, èyí aláwọ̀ búlúù tí GM ṣe fún Corvette Z06, ó gba lift tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. 90 pọ́n-ùn ló fi ń tẹ̀ ní gíga 1.800 íǹṣì. Retainer àti keeper àtijọ́ yín á bá a mu. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé orí síìlì ilé iṣẹ́ tó ní àwo nídìí ló ń jókòó lé. Ẹ kò ní gé nǹkan kan. Ẹ ta onílọ́po méjì yẹn fún ẹni tó ń sáré ìje, ẹ fi owó rẹ̀ ra mẹ́rìndínlógún LS6 àti síìlì tuntun mẹ́rìndínlógún.

Síìlì wo ló dára jù ni ẹ bèèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti ilé iṣẹ́ ni, tuntun. Ẹ fi ọ́ìlì pa ọ̀pá fáàfù, ẹ fi ìdérí ike kékeré bo orí rẹ̀ kí ojú ihò keeper má ya ètè síìlì, ẹ wá tì í wọlé títí á fi jókòó. Ìdérí ike yẹn kò ju kọ́bọ̀ lọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú kéré.

Mẹkáníìkì Mushin

Ọ̀rọ̀ ìdérí yẹn, mo ń lo ọ̀rá wẹ́kù ti súwíìtì. Ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà, mo kọ́ nǹkan lónìí nípa hẹ́ẹ̀dì yẹn. Àwọn oníbàárà ti ń gbé irú ọkọ̀ yìí wá sí ọ̀dọ̀ wa báyìí.

Ìyá Dọ́tun (Dallas)

Bàbá Ìbejì, ọmọ àbúrò mi wà ní Missouri City, ó ní Tundra, ó sì ní ìdè tirélà. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Á bá yín gbé àga lọ sí Sugar Land ní Sátidé. Epo nìkan ni kí ẹ rà fún un. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Ìyá Dọ́tun, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti pè é, ó ti gbà.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òde Sugar Land lọ dáadáa. Hẹ́ẹ̀dì méjèèjì ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé e. Wọ́n ní apá awakọ̀ ló burú jù. Wọ́n ti gé ojú ìjókòó gbogbo rẹ̀ kó tẹ́ bákan náà, wọ́n sì fi ọṣẹ wẹ gbogbo ihò ọ́ìlì. Mo fi síìlì tuntun kan sórí rẹ̀, mo fi retainer àti keeper dè é, mo sì fi ẹ̀rọ ìwọ̀n tí Ọmọ Ẹ̀gbá yá mi wọn gíga rẹ̀ láti orí àwo síìlì dé ìdí retainer. Sílíńdà 5 jẹ́ 1.832. Sílíńdà 1 jẹ́ 1.830. Ṣé èyí dára? Ẹni tó ń gé e tún ń bèèrè bóyá kí òun fá ojú hẹ́ẹ̀dì níbi tí gáàsíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó, pé agbára á tún yọ díẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Katy)

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. 1.832 ga jù, sípíríǹgì á dẹ̀. Ẹ ra ìtẹ́lẹ̀ irin tó nípọn tó 0.030 íǹṣì, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ síìlì kọ̀ọ̀kan. Èyí á gbé yín padà sí nǹkan bí 1.800. Ẹ wọn gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, ẹ má wọn méjì kí ẹ máa fojú díwọ̀n ìyókù. Kí ẹ tó di hẹ́ẹ̀dì padà, ẹ sọ páànù ọ́ìlì kalẹ̀, ẹ fọ ọ́, kí ẹ sì fọ ọ̀pá tó ń fa ọ́ìlì.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Nípa fífá, bí ojú hẹ́ẹ̀dì bá tẹ́, ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ kàn án. Bó bá fá a, hẹ́ẹ̀dì á sún mọ́ lifter, pushrod 7.400 yín á wá gùn jù fún un, á máa tẹ lifter wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, fáàfù lè máà pa dé ìdí. Ẹ kò nílò wàhálà míì. Rọ́kà, ìyẹn apá tó ń ti fáàfù wọlẹ̀, 22 lb-ft ni kí ẹ fi di bọ́ọ̀tì rẹ̀, ìgbà tí camshaft kò bá sì ti lifter sókè ni.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Mo ti pe ẹni tó ń gé e. Ó fi irin títọ́ wọn ojú méjèèjì, wọ́n tẹ́. Mo ní kó má fá a. Ìtẹ́lẹ̀ 0.030 ti wà lọ́nà, síìlì àti LS6 ti dé lánàá.